Ìbọn Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì l'Ókè-Àdó ni mo ti fà á yọ,
síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé e, ó ń rùn bí epo kẹ̀kẹ́.
Gbogbo ilé ní, "Ti Bàbá Akọ̀wé ni!
Ogun Hítílà ló ti gbé e bọ̀."

Mo gbé e tọ Lánihún, àgbà alágbẹ̀dẹ ní Mọ́kọ́lá.
Ó yí ikùn rẹ̀: ihò mẹ́fà,
kẹ́, kẹ́, kẹ́,
ó kọ́ ní ìkẹrin.
"Ti sójà kọ́.
Òrùka tí wọ́n ń so okùn mọ́ dà nídìí rẹ̀?
Ẹni tó ń gbówó rìn ló ni èyí."

Ó tú ìdè kan. Igi èèkù là bí èèpo ẹ̀pà.
Nínú ibẹ̀, ṣóńṣó ọ̀bẹ ti kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ:
ÀWẸ̀RÓ.

Ìyá àgbà!
Tó ń dá ti Àkànrán bọ̀ lóru,
owó kòkó lábẹ́ ìró,
tí a ní orí rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ.

Lọ́la, n ó gbé e dé tẹ́ṣàn Ìyágankú.
Wọn á bèèrè: ti ta ni?
Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú,
ẹ̀yin tí aláǹgbá ń já lórí páànù
táyà yín ń já tẹ̀ lé e.