Igi Ìgbálẹ̀

Ẹ tẹrí ba, Ọ̀gbẹ́ni Dudek ló wí.
Ilẹ̀kùn irin yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà,
iwájú orí ló mọ̀ ọ́n gbá.

A ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ẹnìkan tẹ̀lé ẹnìkan,
àwa méje, láàárọ̀ Sátidé tí ìrì dídì ń bọ́ sínú odò Délàwéà.
Òtútù òkè kò bá wa dé ìsàlẹ̀.
Òtútù mìíràn ló ń gbé ibẹ̀,
òtútù irin tí wọ́n ti pa iná ìdí rẹ̀
láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé.
Ó ń rùn bí epo àtijọ́,
bí owó ẹyọ nínú àtẹ́lẹwọ́ tó làágùn.

Bọ́ílà mẹ́jọ. Ó ṣí ẹnu ọ̀kan,
ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: bíríkì, èérí, òkùnkùn.
Níbí ni omi ti ń di alágbára, ó wí.
Omi tí ẹ ń mu. Omi tí ẹ fi ń fọ abọ́.
Ẹ sé e mọ́lé, ẹ daná sí i nídìí,
kí ẹ má jẹ́ kó rí ọ̀nà sá lọ,
á ti ilé irin tó wúwo tó báyìí kọjá òkun méjì.
Obìnrin tó wọ kóòtù pupa, Philippa, rẹ́rìn-ín:
“Bí ọkọ mi àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn.”

Lẹ́yìn páǹpù kẹta ló ti mú ìgbálẹ̀ kan jáde,
ìgbálẹ̀ onígi gígùn, irun rẹ̀ ti jẹ tán.
A rò pé ó fẹ́ gbálẹ̀ ni.
Ó dì í mú nídìí, ó na orí rẹ̀ síwájú
bí afọ́jú ti í na ọ̀pá,
ó ń fi í gbá afẹ́fẹ́, lókè, nísàlẹ̀,
kó tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Oru tí ẹ ń rí lẹ́nu kẹ́túlù, ó wí, kì í ṣe oru.
Omi tó ti rẹ̀ ni.
Oru gidi kò láwọ̀.
Bó bá gba ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ jáde lára páìpù,
ẹ ó gbọ́ igbe rẹ̀ níbi gbogbo,
ẹ kò ní mọ ibi tó dúró sí.
Ìgbálẹ̀ la máa ń rán ṣíwájú.
Níbi tí igi bá ti gé wẹ́rẹ́ bí ìrèké,
ẹ dúró.

Ansel, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bóyá, béèrè pé:
“Ṣé ó ti gé tiyín rí?”
Ọ̀gbẹ́ni Dudek ń wo géèjì kan.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ sùn lé òdo.
“Kò gé igi mi. Lonnie Treadaway ló gé.
Kò mú ìgbálẹ̀ dání lọ́jọ́ náà.
Èmi ni mo mú un láàárọ̀, mo fi gbálẹ̀,
mi ò dá a padà síbi tó wà.”

Páǹpù ò dún. Páìpù ò dún.
A gbọ́ odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀,
ó ń lá irin bí màlúù ti ń lá iyọ̀.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.
Mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì.
Kì í ṣe òun ni ejò bù jẹ.

Ó ní ká lọ wo táàbáìnì.
Ó ka iye agbára ẹṣin fún wa, ó ka iye abẹ irin tó ń yí,
kò sí ẹni tó di ọ̀kan mú.
Ansel na ọwọ́, kò sọ̀rọ̀.
Arúgbó náà wò ó, ó wo igi,
ó yọ̀ǹda rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn dé yàrá ẹ̀rọ,
ọmọdé níwájú, ó ń fi ìgbálẹ̀ wá ohun tí kò sí
nínú afẹ́fẹ́ tútù,
àwa àgbà lẹ́yìn, a tẹrí ba,
kódà níbi tí àjà ti ga.

Nígbà tí a fẹ́ gòkè, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó dá a padà sẹ́yìn páǹpù kẹta.
Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lórí àkàsọ̀.
Ó tún sọ̀kalẹ̀,
ó lọ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.