Awò Ojú Otakar

Ìwé náà dé ilé-iṣẹ́ dígí wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
yìnyín ń bọ́ lórí gbogbo Moráfíà.
Ìlà mẹ́rin péré: pé Vlasta, akọ̀wé owó,
sọ ohun tí kò yẹ sí ìjọba.
Vlasta tí a jọ ń pín búrẹ́dì.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ọmọ ní yunifásítì.
Ẹnì kejì ń retí ilé.
Èmi ni ìkọkànlá.
Mo rò pé ọwọ́ mi yóò gbọ̀n.
Kò gbọ̀n.
Orúkọ mi gún régé, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà.

Ó kan Otakar arúgbó, tí ń fi èémí fẹ́ ìgò.
Ó fọwọ́ pa àpò. “Ẹ má bínú, mo gbàgbé awò ojú mi sílé.”
Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbàgbé.
Lọ́jọ́ kẹta, a fi rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní àwọn yóò kà á sí i létí;
ó ní ariwo ìléru ti di òun létí.
Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Àgbà mẹ́rìnlá wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́.

Ọdún mẹ́fà ló fi gbálẹ̀ kó tó kú.
Èmi ni wọ́n ní kí n ká ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.
Awò náà wà lápò àyà,
eruku ọdún mẹ́fà lára rẹ̀.
N kò tíì dá a padà fún ọmọ rẹ̀.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálàmù yẹn.