Ìgò Ojú Fèrèsé

Láoyè ọkọ mi kì í ra epo nílé epo tí kò lórúkọ.
Yóò fi Kubwa sílẹ̀, yóò kọjá ilé epo mẹ́rin,
yóò wakọ̀ títí dé Wuse, níbi tí iná àkọlé
ti ń tàn bí eyín ìyàwó tuntun,
tí àwọn ọmọ tó ń ta epo wọ ẹ̀wù pupa kan náà,
tí wọ́n ń nawọ́ sí mítà: "Ọ̀gá, ẹ wo òdo o."
Ó ní, "Epo ju epo lọ. Ẹni tó ra gbàrọ̀gùdù,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni yóò tú u fó."
Mo ní, "Epo tó o fi lọ, epo tó o fi bọ̀,
ṣé àwọn yẹn ò sí nínú owó ni?"
Ó dákẹ́. Ó ń fi ìka nu eruku dáṣíbọ́ọ̀dù.

Èmi, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mò ń wà.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún, ariwo tí kò lóǹkà.
Ọ̀dọ̀ Barau ni mo ti ń rọ epo,
ní Dei-Dei, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń la pákó,
ilé epo tí òjò ti fọ orúkọ rẹ̀ lọ
tó ku lẹ́tà méjì lójú pátákó.
Ó ń pè mí ní Hajiya,
èmi tí mi ò rí Mẹ́kà lójú àlá.
Ogójì náírà ló fi dín sí ti Wuse lórí lítà kan.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní ogójì lítà:
búrẹ́dì ńlá kan ni, a ó jẹ ẹ́ mọ́jú.

Ní ìdájí ọjọ́ kan mo rí táńkà kan, ó ti Suleja bọ̀,
orúkọ tí Láoyè ń sìn ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.
Ó yà sọ́dọ̀ Barau, ó tú ìdajì ikùn rẹ̀ sínú ilẹ̀.
Mo bi awakọ̀ pé, "Ìyókù ńkọ́?"
Ó fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà Wuse,
ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ bàbá ọmọ
tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì bi í.

Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́ fi bu ata sí ọbẹ̀ ọkọ mi.
Àfi bí òjò ṣe rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
tí bọ́ọ̀sì dákú sórí gegele Dutse.
Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó sùn.
Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdárò rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Shekwoyi mẹkáníìkì fẹnu fa rọ́bà, ó tutọ́,
ó da díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sí oòrùn.
Epo wà lókè, ó ṣe bí oyin tí wọ́n bu omi là.
Nísàlẹ̀, omi,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àna tó wá sin gbèsè.
"Níbo lẹ ti rà á?"
Ẹnu mi wúwo.
Ìdajì táńkì, ti Barau ni.
Ìdajì, Láoyè ló rọ ọ́ kún un ní Wuse lánàá,
ó ní kí n fi tọ́ ìyàtọ̀ wò.
Omi kì í sọ ilé tó ti jáde.

Shekwoyi nu ọwọ́. "Táńkà kan náà ló ń pín in, Màmá.
Kòtò abẹ́ ilẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kan náà.
Ta ló ń yẹ tirẹ̀ wò lẹ́yìn òjò?
Pátákó kì í fa omi."

Ìgò náà wà lójú fèrèsé ìdáná wa.
Láoyè ń wò ó tó bá ń mu tíì. Èmi náà ń wò ó.
Mo ní kó lọ bi wọ́n ní Wuse nípa kòtò wọn.
Ó ní, "Ta ni kí n bi?
Àwọn ọmọ ẹlẹ́wù pupa yẹn? Wọn ò mọ ju òdo lọ."

Ni mo bá bi Barau.
Kò bínú. Ó mú ọ̀pá gígùn kan wá,
ó fi ọ̀dà kan pa á nídìí.
"Bó bá pọ́n, Hajiya, omi wà níbẹ̀."
Ó ṣí ìdérí. Ó ń ti ọ̀pá bọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
àwọn ọmọ ń fun fèrè bọ́ọ̀sì lẹ́yìn mi,
èmi ò wẹ̀yìn.