Ààlà Tí Kò Ní Ògiri

Wọ́n ní kí ni mo ń wá nínú òkun
láti orí òkè, ní Ìtọ́kò,
níbi tí omi ẹ̀rọ gan-an kì í yọ títí di ọjọ́ Jímọ̀.
Mo ní àwọn ìgò ló wá bá mi,
mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, nínú páálí ọṣẹ,
ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun nínú wọn, àti ọtí tí kì í ṣe mímu.

Dókítà Ṣówándé ní kí n máa kà wọ́n:
ekòló tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ,
ìṣáwùrú tí kò tó èékánná,
akàn kan tó di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú bí ẹni tí òtútù ń mú.
Mo ka mẹ́rìnlá, mo sín, mo tún wọn kà.

Lálẹ́, mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun.
Ìyá àgbà fi ọmọrí ìkòkò tẹ igun rẹ̀ kan mọ́lẹ̀.
"Ta ló ń gbé ìhín?"
Àwọn ti ẹrẹ̀ ni, Màmá. Ekòló ló pọ̀ jù.
"Ìhín ńkọ́?"
Àwọn ti iyanrìn, tí wọ́n ń sin ara wọn dé ọrùn.
"Ògiri wo ló wá là wọ́n?"

Kò sí ògiri.
Omi á kàn tutù díẹ̀ sí i,
ojúlùmọ̀ kan á dín, àlejò kan á yọjú,
tó bá yá, kò ní sí ẹni tí o mọ̀ mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ ògiri sáàárín Ìtọ́kò àti Ìjemọ̀?
Síbẹ̀ bí mo bá ń lọ lókùnkùn,
bí wọ́n ṣe kí mi ló ń sọ fún mi pé mo ti rékọjá."

Ọkọ̀ àwọn apẹja ńlá kò mọ ìkíni.
Àwọ̀n wọn ń wọ́ ilẹ̀ lọ bí ẹni ń gbá yàrá
tòun ti ọmọ tó ń sùn nínú rẹ̀.
Ìdí nìyí tí a fi ń kun ún: pupa, má dé ibí.
Ó ní, "Àálè ni ẹ ń so."
Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àálè inú omi, ta ni yóò rí i?

Kò dá mi lóhùn. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi funfun kan
tó fẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.
"Kò sẹ́ni níbẹ̀?"
Ìgò kankan kò tíì ti ibẹ̀ wá, Màmá.
Dókítà ní kí n fi àwọ̀ tó sún mọ́ ọn dí i.
"Ilé tí o kò kanlẹ̀kùn rẹ̀, má pè é ní òfìfo,
má sì fún un lórúkọ aládùúgbò rẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ ní funfun.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀, kékeré: a kò tíì débẹ̀.
Iná lọ.
Ó ku ìgò mọ́kànlélógún.