Ohun Tó Há Ẹ̀rọ Lọ́fun

Aago méje kò tíì lù tí fóònù mi fi dún n'Ísìkàn.
"Morádéùn, gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ, ẹ̀rọ ti tún há."
Akíndùró ni. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun
tí wọ́n ní kó wá ṣe ìṣirò.
Mo gun ọ̀kadà, eruku ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń bu àtíkè sí mi lójú.

Kọ́mbáìnì pupa dúró sáàárín ìrẹsì Màmá Fadérera,
ó yanu, kò gbé mì.
Ìrẹsì kún ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tó kó ẹ̀kọ sẹ́rẹ̀kẹ́
tí ìyá rẹ̀ ń wò ó ṣùn-ùn.
Bí Akíndùró bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, á ké gbàù-gbàù,
bẹ́líìtì á rùn bíi rọ́bà tó jó,
irin tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín á yí lẹ́ẹ̀mejì, á dúró.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe é.
Baba tí oko rẹ̀ pààlà ní ẹ́ńjìnnì ti kú, ká ra òmíràn.
Ẹni tó ń di àpò ní ọwọ́ ayé ni.
Àwọn obìnrin tó ń fi dòjé gé e nígbà kan
jókòó sábẹ́ igi ọdán, wọn ò sọ nǹkan kan,
dòjé wọn wà lórí itan wọn.

Mo ní ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ ná.
Koríko tútù a máa dì mọ́ra; èyí tó gbẹ ní í ṣàn.
A dúró. A jẹ ẹ̀pà. Oòrùn gun orí irin.
A tẹ̀ ẹ́. Ó há.
Mo ní kó dín eré kù, kó máa rìn bí aboyún.
Ó rìn bí aboyún. Ó há.
Mo sọ kẹ̀kẹ́ tó ń fa ìrẹsì wọlé kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.
Ó gbé ìwọ̀n yàrá kan mì,
mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín,
gbàù.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Mo ní kí Akíndùró pa á, kó yọ kọ́kọ́rọ́ fún mi.
Àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé bí ọwọ́ mi bá wọ ẹnu irin;
mo mọ ẹnì kan l'Ókè-Ìjẹ̀bú tó ń fi ìka méje kí èèyàn.

Mo ṣí ìdérí ọ̀fun. Ṣéènì rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ fẹ́ já;
mo fi sípánà fún un títí ó fi le.
Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀.
Mo fọwọ́ tọ ara irin lílọ́ náà láti ọ̀tún dé òsì,
mo bá nǹkan kan tó ń dán,
dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé mọ́ irin láìmọye ìgbà,
koríko lẹ̀ mọ́ ọn bí irun tí í lẹ̀ mọ́ ọrùn tó làágùn.

Téèpù kásẹ́ẹ̀tì ni.

Gbogbo ojú yí sí Tẹníọlá, ọmọ tó ń lé ẹyẹ.
"Ẹ̀ga ń jẹ ìrẹsì," ó ní. "Mo so ó mọ́ igi,
atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó ń kùn, wọ́n ń sá.
Inú àpótí bàbá àgbà ni mo ti rí i."

Mo fi ọ̀bẹ gé e, mò ń fà á, kò tán,
ó ń jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti pẹ́ tí kò rí ẹni bá sọ.
Màmá Fadérera gbà á, ó gbé e sójú oòrùn
bí ẹni tó fẹ́ kà á.
"Ìpàdé àgbẹ̀ ni, ọdún tí a kọ́kọ́ gbin ìrẹsì.
Òun ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A máa wúkọ́ kó tó dárúkọ owó."
Akíndùró ṣí fìlà, ó tún dé e.
Màmá wé díẹ̀ mọ́ ìka, ó ki ìyókù bọ àpò,
ó wo ojú ọ̀run lápá Ọ̀wọ̀, níbi tó ti ń ṣú.
"Fún un ní kọ́kọ́rọ́. Òjò ń bọ̀."

Ẹ̀rọ gbé mì. Ó tún gbé mì.
Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abẹ́ ọdán dìde,
ó gbọn ìdí ìró, ó mú dòjé,
ó lọ gé igun oko
tí ẹnu ẹ̀rọ kò lè dé.