Ọjà Tí Kò Níye

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Olomouc,
àpò kan lẹ́yìn, aṣọ ìpolówó tí mo ká bí ẹní lábíyá,
ẹgbẹ̀rin sítíkà nínú páálí bàtà,
wàràkàṣì mẹ́ta tí Květa dì sínú ìwé ìròyìn:
"Fún wọn jẹ. Ẹni tó ń jẹun kì í tètè dìde lọ."

Květa kì í rìnrìn àjò. Èrò púpọ̀ a máa já a láyà.
Òun ló kọ ọkàn ètò náà, lálaalẹ́, fún ọdún mẹ́sàn-án,
kí ẹni tó dúró sí ibùdókọ̀ lè mọ̀
bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀, àbí kó kúkú máa fẹsẹ̀ rìn.
Èmi ni ẹnu rẹ̀; ẹnu náà ló ń wọ ọkọ̀ kiri.

Lọ́dún yìí nìkan, mo ti dé Graz, mo ti dé Gdańsk.
Ní Porto, yàrá tí mo sùn kò ní fèrèsé,
ní gbọ̀ngàn, wáyà mi kò gùn dé ibi iná,
mo wá ń fi ìka ya bọ́ọ̀sì sójú afẹ́fẹ́.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. N ò mọ̀ bóyá àánú ni.

Tampere nìyí. Oṣù kejì. Yìnyín mù mí dé orúnkún.
Ìdajì tábìlì ni wọ́n fún wa,
ìdajì kejì jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe ètò fún àwọn tó ń sin oyin.
Mo tẹ́ aṣọ, mo to sítíkà, mo gé wàràkàṣì,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri lórí ìjókòó:
ẹ wá wò ó, ẹ tú u wò, ẹ tún un ṣe,
ẹ gbé e lọ sílé, ẹ má sanwó.
Ọkùnrin kan tó de táì bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì:
"Èló ni?"
Kò níye.
"Ṣé kò wá níye lórí ni?"
Ahọ́n mi wá ohun tí yóò wí, kò rí.
Ó mú sítíkà méjì, ó ní fún ọmọ òun ni.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi sí,
nígbà tí àwọn tó mutí àná kò tíì jí.
Àga ọgọ́ta. Ènìyàn márùn-ún.
Ọ̀kan ń sùn; ọ̀kan ṣìnà, yàrá àwọn olóyin ló ń wá.
Mo sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n pé ọgọ́ta.
Mo dárúkọ Květa lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo ní, "Ìbéèrè?" Obìnrin kan dìde lẹ́yìn,
irun funfun, ẹ̀wù àwọn awakọ̀ ìlú lọ́rùn rẹ̀.
Tuulikki ni; ó fi ọdún mọ́kànlélógún wa bọ́ọ̀sì,
pátákó ibùdókọ̀ ló ń bójú tó báyìí.
"N ò ní ìbéèrè," ó ní. "Ètò yín ti wà lójú pópó wa
láti bí ọdún mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá pọ̀, irọ́ ló ń pa.
Mo ti tún un ṣe. Ojú ló ń tì mí láti fi ránṣẹ́."

Ọdún mẹ́ta! A ń polówó lójúde,
ọjà ti wọ yàrá lọ.
Ìlú mélòó mìíràn? Ó ní òun mọ mẹ́jọ,
ìyókù kò níye.
Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá nìyẹn; ó ti yí ojú padà.

A jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wàràkàṣì láàárín wa:
ìlà méje péré, àti kọ́mà kan
tí Květa gbàgbé lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú.
Tuulikki tẹ bọ́tìnnì, ó mí kanlẹ̀.
Kí n tó pe Květa, Květa ti pè:
"Ta ni obìnrin yẹn?
Sọ fún un pé mo ti gbà á wọlé.
Sọ fún un pé…" Kò parí rẹ̀.
Mo gbọ́ bó ṣe ń fọn imú.

Lálẹ́, mo dúró sí ibùdókọ̀; páálí sítíkà ṣì wúwo.
Pátákó ní: ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Mo kà á, yìnyín ń bọ́ sí mi lórí.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì fi dé.
Mo wọlé, mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan,
mo ń wá ìṣẹ́jú kan.