Páìpù Tí Yóò Gbé Iṣu Gun Òkè

Má tíì kówó sílẹ̀, Ọbajẹ́mú.
Dá páìpù dídán yẹn padà sínú ọ̀rá rẹ̀ ná.
Mo mọ̀ pé o ti fi ṣe dígí láti Kàbà títí dé Ìsánlú,
o ń wo eyín ara rẹ nínú rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹranko yìí léèrè orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó ń wá òkúta kiri ló fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ
dípò owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta:
alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, táyà mẹ́ta ló ní afẹ́fẹ́,
adìẹ ti yé sórí àga rẹ̀.
Wọn ò fi ìwé sílẹ̀. Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pàápàá.
Ìyá rẹ ní, "Ṣé irin ni n ó sè jẹ?"

Fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà. Da kẹrosíìnì síbí.
Wò ó, lábẹ́ ẹrẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó jí,
nọ́ńbà wà níbẹ̀. Mẹ́rin ṣì ń sọ̀rọ̀;
ẹnìkan ti fi fáìlì gé ahọ́n ìyókù.
Kò burú. Ẹni tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀,
à á wo ọwọ́ rẹ̀, à á mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kò ní ilé òróró nísàlẹ̀.
Inú epo bẹntiró la ti ń po òróró fún un,
agolo mílíìkì kan sí gálọ̀nù kan.
Irú èyí, bó ṣe ń mí síta ló ń mí sínú,
nítorí náà páìpù rẹ̀ kì í ṣe ìrù lásán.

Wo ògbólógbòó tó wà lórí pákó mi yẹn,
ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ yọ, ìdí rẹ̀ tún há.
Èéfín á sáré dé ikùn, á na ara,
á forí gbá ibi tó há, á ṣẹ́rí padà,
á bá epo tútù tó fẹ́ yọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà
bí ìyá tó pàdé ọmọ rẹ̀ lálẹ́:
"Níbo lò ń lọ? O ò tíì jẹun."
Á tì í wọlé. Iná á wá jó o tán.

Dídán tìrẹ yẹn, ikùn rẹ̀ kúrú.
Ó dára fún ẹni tó ń sáré lórí títì tó tẹ́jú,
tí ẹ́ńjìnnì ní láti ké fatafata kó tó lágbára.
Ṣé títì tó tẹ́jú lo rí láàrin ibí àti oko yín?
Òkè ni. Òkúta ni. Iṣu wà lẹ́yìn,
ìyá rẹ jókòó lórí iṣu, ó ń ní, "Rọra o."
Ibi tó o ti ń rọra gan-an ni agbára gbọ́dọ̀ wà.

Mú ọwọ́ rẹ wá. Láàrin bóòtù méjì ẹnu rẹ̀,
ìka mẹ́ta, ó dín díẹ̀.
Wọn tìrẹ. Ìka mẹ́rin.
Ta ló sọ fún ọ pé ó bá a mu?

Ẹni tó tà á.

Ó dáa. A ó so ògbólógbòó náà mọ́ ọn.
Gun òkè lẹ́ẹ̀kan, pa á lójijì, tú plọ́ọ̀gì wò:
bó bá funfun, ebi epo ń pa á, má tẹ̀síwájú, pístìn á yọ́;
bó bá dúdú, ó ti jẹ àjẹjù.
Bó bá rí bí èèpo ẹ̀pà yíyan, máa bọ̀, wá sanwó mi.

Kí ló dé tó o fi ń fi etí ẹ̀wù nu ìyẹn?
Mo gbọ́ pé ọmọ kan wà ní Mọ̀pà
tó o fẹ́ kó máa gbọ́ ọ kó tó rí ọ.
Sọ fún un pé òun ló máa gbọ́ ìyá rẹ tó ń kí i láti orí iṣu:
"Òkun o, ọmọ mi."
Gbé páìpù náà kọ́ síbí, lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù,
kí àwọn adìẹ máa rí ojú ara wọn.